Fíúsì rédíò ọkọ̀: Ẹ má fi bébà sìgá rọ́pò rẹ̀

Kì í ṣe epo bẹntiróòlù nìkan ló ń dáná sun ọkọ̀. Wáyà rédíò tí wọn kò so dáadáa náà ń ṣe é.

Bí awakọ̀ bá ra tòkunbọ̀ tán, ohun tó máa ń yá a lára ni kó fi rédíò tó lágbára sí i. Ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ polówó àgbo káàkiri ọjà tún le jù bẹ́ẹ̀, nítorí ańpílífáyà ni wọ́n ń lò. Wáyà kan tó nípọn ni yóò ti ìdí bátìrì gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìdí wáyà yìí ni ewu wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé rédíò ni fíúsì ń ṣọ́. Wáyà gan-an ló ń ṣọ́. Bí ara wáyà bá bó, tó kan irin ọkọ̀, iná mànàmáná tí bátìrì yóò tú sínú rẹ̀ lè ju ampere 100 lọ dáadáa. Kíá ni wáyà á pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, tí kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù ìjókòó á sì gbiná. Fíúsì ló yẹ kó ti já kó tó di bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìdí bátìrì ló gbọ́dọ̀ wà, kó má jìnnà ju ínǹṣì 18 lọ. Èyí tí wọ́n ṣe mọ́ ara ańpílífáyà kò lè gba wáyà tó ti iwájú wá là.

Bátìrì ọkọ̀ jẹ́ volt 12. Ẹ̀rọ tó ń jẹ watt 600 yóò fa nǹkan bí ampere 50. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń so sípíkà kò lè gbé e. Agbára wáyà ni wọ́n fi ń yan fíúsì, kì í ṣe bí orin bá ṣe ròkè tó.

Àṣà kan wà lọ́wọ́ àwọn réwáyà kan tó ń bani lẹ́rù: bí fíúsì bá já, wọ́n á wé bébà fàdákà inú páálí sìgá mọ́ ọn. Orin á dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ti lọ. Fíúsì pupa jẹ́ 10, búlúù 15, yẹ́lò 20, aláwọ̀ ewé 30. Pupa ni kí wọ́n fi rọ́pò pupa.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yọ orí bátìrì ti négétíìfù. Ihò irin tí wáyà bá gbà kọjá, kí wọ́n fi rọ́bà sí i, torí gbígbọ̀n ojú ọ̀nà oko máa ń jẹ́ kí irin gé wáyà díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀, tí ẹ gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó, ẹ ní kí awakọ̀ dúró, kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, kó sì yọ orí bátìrì. Pípa rédíò tàbí yíyọ kọ́kọ́rọ́ kò tó, nítorí láti orí bátìrì ni wáyà yẹn ti ń gba iná tààrà.