Iná, Ilẹ̀ àti Omi Ìwẹ̀: Àkíyèsí lórí Ìkìlọ̀ Hítà fún Olùwádìí ní Agbègbè Atakpamé

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìdí tí ìkìlọ̀ kan tó wọ́pọ̀, "Ẹ pa iná kí ẹ tó fọwọ́ kan omi," kò fi tó láti dáàbò bo ẹni tó ń lo hítà ní ilé ìwẹ̀. Àwọn tí mo ní lọ́kàn ni akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tó ń ti Nàìjíríà lọ ṣe ìwádìí lórí èdè Ifẹ̀ ní agbègbè Atakpamé, ní orílẹ̀-èdè Tógò. Àárín òkè ni Atakpamé wà, òwúrọ̀ ọyẹ́ sì máa ń tutù níbẹ̀. Hítà ṣáwà máa ń wà lára ògiri àwọn ilé kan tí à ń gbà. Bí kò bá sí, irin tí a ń kì bọ inú báàkẹ́ẹ̀tì, èyí tí à ń pè ní boiling ring, la máa ń gbé dání láti ilé.

Ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo, iná, ni Yorùbá ń lò fún iná igi, fún ìmọ́lẹ̀ gílóòbù àti fún agbára tó ń gba inú wáyà kọjá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń jẹ́ ká mọ èyí tí a ń sọ. Bí a bá ní "iná jó o," a mọ̀ pé ó fara gbóná ni. Bí a bá ní "iná gbé e," a mọ̀ pé ti wáyà ni. Gbé yìí bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu gan-an: iná náà máa ń mú kí iṣan ọwọ́ fún pọ̀, débi pé ẹni tó di nǹkan mú kò ní lè jọ̀wọ́ rẹ̀.

Pa kò ràn wá lọ́wọ́ báyẹn. Nídìí ààrò, "pa iná" ni pé kí a bu omi sí i; nínú yàrá, ó jẹ́ kí a tẹ súìṣì gílóòbù. Gbólóhùn pọ́nna ni fún ẹni tó dúró sí ilé ìwẹ̀. Ó lè pa gílóòbù, kí hítà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. "Iná ti lọ" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkùnkùn ló ń ròyìn. Kò sọ pé a ti yọ irin kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí iná bá dé nígbà tí ọwọ́ ṣì wà nínú báàkẹ́ẹ̀tì, ewu dé.

Ní Atakpamé, ìbátan tó wà láàárín Ifẹ̀ àti Yorùbá lè mú kí a rò pé a ti gbọ́ ara wa yé. Ṣùgbọ́n Faransé ni èdè ilé-ìwé níbẹ̀, òun náà ni èdè iṣẹ́ iná: courant, terre, disjoncteur. Oníṣẹ́ Nàìjíríà tó ń pe wáyà kẹta ní "ẹ́ẹ̀tì" yóò rí i pé ọ̀rọ̀ àyálò òun kò kọjá ibodè.

Wáyà kẹta yìí gan-an ni ẹ̀mí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iná Tógò, 220 V, kò jìnnà sí ti Nàìjíríà, nítorí náà irin tí a gbé láti ilé yóò mú omi hó níbẹ̀, a ó sì rò pé kò séwu. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ló yàtọ̀. Púlọ́ọ̀gì tiwa ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Èyí tó gùn jù ni ti ilẹ̀. Irú ti Faransé tí wọ́n ń lò ní Tógò ní ihò róbótó méjì. Èyí tó bá ní ti ilẹ̀, ọ̀pá kékeré kan máa ń yọ jáde láti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ adápítọ̀ ojú ọjà ń gba ẹsẹ̀ mẹ́ta wọlé, méjì péré ló sì ń yọ síta. Ibẹ̀ ni wáyà ilẹ̀ ti já.

Iṣẹ́ wáyà náà ni láti so ara irin hítà mọ́ ọ̀pá tí a rì mọ́lẹ̀. Bí awọ irin bá sán tàbí tó dípẹtà, iná a ṣáko bọ́ sínú omi. Bí ọ̀nà ilẹ̀ bá wà, yóò gba ibẹ̀ lọ. Bí kò bá sí, ara ẹni tó tẹ ẹsẹ̀ lásán mọ́ sìmẹ́ǹtì tútù ni yóò di ọ̀nà. Awọ ara tó tutù kì í sì í dènà iná tó èyí tó gbẹ. Fíúsì 13 A inú púlọ́ọ̀gì kò lè gbà á, wáyà ni fíúsì ń ṣọ́. Disjoncteur différentiel ló ń ṣọ́ ènìyàn: ó ń fi iná tó ń lọ wé èyí tó ń padà, bí ìyàtọ̀ wọn bá tó 30 mA, ó já a kíá. 13 A fi ìlọ́po tó lé ní 400 ju 30 mA lọ.

Báwo ni a ó ṣe béèrè? "Ṣé ilẹ̀ wà?" yóò mú kí onílé rò pé a fẹ́ ra ilẹ̀. Mo dábàá "wáyà ilẹ̀," kí a sì fi terre kún un níwájú oníṣẹ́. Fún ìkìlọ̀ fúnra rẹ̀, ìlànà mi ni pé kí àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́ ohun tí ọwọ́ lè dì mú tàbí tí ojú lè rí:

1. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó fọwọ́ kan omi tàbí báàkẹ́ẹ̀tì. Bí iná bá lọ, ẹ yọ ọ́ bákan náà.
2. Ẹ pa súìṣì hítà fúnra rẹ̀ kí ẹ tó wọ abẹ́ ṣáwà.
3. Ẹ má fi adápítọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì lo irin tó ń se omi.
4. Kí ẹ tó gba ilé, ẹ ní kí oníṣẹ́ yẹ wáyà ilẹ̀ àti différentiel 30 mA wò.
5. Bí iná bá gbé ẹnìkan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ já súìṣì ńlá tó wà nídìí mítà.

Nínú gbólóhùn márùn-ún yìí, kò sí "pa iná" kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ túmọ̀ ìkìlọ̀ sí Ifẹ̀ tàbí ẹ̀ka-èdè mìíràn lè fi ìlànà kan náà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò: kí ó ka gbólóhùn náà fún ẹni tó dúró ti hítà, kí ó sì wo ohun tí ọwọ́ onítọ̀hún nà sí.