Ipò Olùdámọ̀ràn Nínú Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Fásitì

Ní ọ̀pọ̀ fásitì ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àyàfi tí olùkọ́ kan bá fọwọ́ sí ìwé pé òun ni olùdámọ̀ràn rẹ̀. Nítorí èyí, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ka olùdámọ̀ràn sí ẹni tí a ń wá nítorí ìbuwọ́lù, tí a kì í sì í tún rí mọ́ títí di ọjọ́ àsè ìparí ọdún. Iṣẹ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya olùdámọ̀ràn sọ́tọ̀ kúrò lára bàbá ìsàlẹ̀, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa da méjèèjì pọ̀. Alátìlẹ́yìn ni bàbá ìsàlẹ̀. Owó rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ láwùjọ ni ẹgbẹ́ ń jẹ́ àǹfààní rẹ̀, kò sì pọn dandan kí ó mọ ohun tó ń lọ nínú ìpàdé. Ti olùdámọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣe àlàyé: mímọ ọ̀ràn ni ìmọ̀ràn. Olùkọ́ tí kò yọjú sí ìpàdé, tí kò ka ìwé òfin ẹgbẹ́, kò mọ ọ̀ràn. Kí ni yóò wá dá?

Ọ̀ràn tó ṣe pàtàkì jù láti mọ̀ ni ìtàn ẹgbẹ́. Ọdún kan péré ni àwọn olóyè sábà máa ń lò. Bí ìyanṣẹ́lódì bá sì gùn, bí ti ọdún 2022 tó gbà tó oṣù mẹ́jọ, ètò ìgbàṣẹ a dàrú: ààrẹ a ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, akápò tuntun a sì bá ìwé owó tó ṣófo. Olùdámọ̀ràn nìkan ló ṣẹ́ kù tó lè sọ iye tí a ná sí Ọ̀sẹ̀ Yorùbá èṣí, àti gbèsè tí a ṣì jẹ àwọn onílù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti nira ni ààlà tó wà láàárín ìmọ̀ràn àti àṣẹ. Òfin 47 tí ìjọba ológun ṣe ní 1989 fún àwọn aláṣẹ lágbára láti fi òfin de ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìfura tí irú òfin bẹ́ẹ̀ bí kò sì tíì tán nílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rò pé etí aláṣẹ ni olùdámọ̀ràn jẹ́ kò ní sọ òótọ́ fún un. Àwọn kan a máa fi òwe gbe àṣejù lẹ́sẹ̀, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà wà. Àgbà a pe ìyá sí àkíyèsí. Kì í já ọmọ gbà. Bí àwọn olóyè bá fẹ́ háyà olórin tí owó wọn kò ká, kí olùdámọ̀ràn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n dìbò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìkan ni èyí kò kàn. Ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, 1999, àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ gbogbogbòò akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára wọn. Olùdámọ̀ràn tó bá gbúròó ìhàlẹ̀ tàbí ìwọṣẹ́ òru kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ó sì dára kí ó ti sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìpàdé àkọ́kọ́, kí ó má baà dà bí ọ̀dàlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Ta wá ni a ń gbé iṣẹ́ yìí fún? Olùkọ́ tó dé kẹ́yìn sí ẹ̀ka ni, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí àpilẹ̀kọ tí yóò fi gba ìgbéga kò tíì pé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìgbéga bá sì jókòó, àpilẹ̀kọ ni wọ́n ń kà. Wákàtí tó lò nínú ìpàdé alẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ìṣirò.