Òpó Inú Yàrá Ọkọ̀

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wọ yàrá ọkọ̀ onígbòkun kékeré, irú èyí tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń rin òkun, lè rí ohun kan tí yóò yà á lẹ́nu. Láàárín yàrá tí kò ju ibi tí ènìyàn mẹ́rin lè sùn sí, òpó kan dúró gbọnin-gbọnin. Ó la òrùlé wọlé, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí ọkọ̀. Ara òpó yìí ni a ń ta ìgbòkun mọ́ lókè.

Ìyọnu rẹ̀ kò kéré. Ẹni tí ó bá dìde lójijì lóru lè fi orí gbá a. Bí òjò bá ń rọ̀, omi a máa gba ẹ̀gbẹ́ òpó kán sórí ibùsùn. Àwọn atukọ̀ a fi igi há àyè tí ó yí i ká, wọn a sì fi rọ́bà dì í lọ́rùn. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ òpó alumíníọ́mù tí inú rẹ̀ ṣófo, omi a gba ojú ihò okùn lókè wọ inú rẹ̀, a sì ṣàn dé ìdí ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ òpó igi, omi tí ó dúró sí ìdí rẹ̀ lè mú kí ó jẹrà.

Kí ló dé tí a kò gbé òpó náà ka orí òrùlé? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀, yàrá wọn a sì gbòòrò. Ṣùgbọ́n àwọn okùn irin tí a fi dè é nìkan ni irú òpó bẹ́ẹ̀ gbẹ́kẹ̀lé. Bí ọ̀kan bá já nínú ìjì, gbogbo rẹ̀ lè wó sínú òkun. Èyí tí ó la yàrá kọjá ní ibi méjì tí ó dì í mú: ìdí ọkọ̀ àti òrùlé. Okùn kan lè já kí ó má wó. Bí ó bá tilẹ̀ ṣẹ́, òkè òrùlé ni ó sábà máa ń ṣẹ́ sí, atukọ̀ a sì lè ta ìgbòkun kékeré mọ́ kùkùté rẹ̀ láti fi wá èbúté.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn atukọ̀ ti ń ka ìdí òpó sí. Ní ọdún 1962, a rí ọkọ̀ kan ti ayé àwọn ará Róòmù nínú odò Thames ní Lọ́ńdọ̀n. Owó idẹ kan wà nínú ihò tí ìdí òpó rẹ̀ jókòó sí.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó má ṣe kùn pé ó gba àyè. Kí ó máa gbọ́n omi ìdí rẹ̀, kí ó sì máa fetí sí dídún rẹ̀, nítorí igi tí a fi há a lè ti máa tú. Bí ìgbì bá ń bi ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì, òun náà ni yóò dì mú kí ó má baà ṣubú. Òpómúléró ni, ẹni tí ó bá sì pa òpómúléró tì, ara rẹ̀ ni ilé yóò wó lé.