Ọgbà Òdòdó ní Ìgbà Ìwọ́wé

Ọ̀rọ̀ ọgbà òdòdó ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, kì í sì í ṣe ọgbà ti ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, bí kò ṣe ti ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn igi ti í wọ́wé láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kọkànlá. Kí ni ènìyàn lè gbìn tí ọgbà rẹ̀ yóò fi dùn ún wò ní àkókò tí ohun gbogbo ń kú lọ?

Ní ayé àtijọ́, bí òdòdó bá ti rọ, olùtọ́jú ọgbà a gé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ilẹ̀ a sì ṣófo bí ọjà tí ó ti tú. Karl Foerster, ará Jámánì kan tí a bí ní ọdún 1874, kò fara mọ́ èyí. Ní Bornim, lẹ́bàá ìlú Potsdam, ni ó ti ń gbin àwọn òdòdó tí kì í kú tán lọ́dún kan: ewé wọn a kú, gbòǹgbò wọn a sùn sínú ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí okùn iṣu ti í gbẹ lórí ebè tí iṣu sì wà láàyè nísàlẹ̀. Ó gbin koríko sáàárín wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka koríko sí ohun tí a ń ro dànù. Ó kú ní ọdún 1970, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà lára koríko kan títí di òní, Calamagrostis 'Karl Foerster', tí í dúró ṣánṣán, tí kì í sì í so irúgbìn tí ó lè hù.

Ẹni tí ó wá sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ káàkiri ni Piet Oudolf, ará Họ́láńdì tí a bí ní ọdún 1944. Òun ni ó yan ohun tí a gbìn sí Lurie Garden ní Chicago, tí a ṣí ní ọdún 2004, àti sí High Line ní New York, ojú irin àtijọ́ tí ó wà lókè títì, tí a ṣí apá kìíní rẹ̀ ní ọdún 2009. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń wò lára òdòdó kì í ṣe àwọ̀, ìrísí ni. Àwọ̀ a ṣá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n igi àti orí òdòdó a dúró fún oṣù púpọ̀. Ẹ wo Echinacea: bí ewé òdòdó rẹ̀ bá ti rẹ̀ dànù, orí rẹ̀ a dúdú, a rí roboto, àwọn ẹyẹ kéékèèké a sì máa ṣa irúgbìn rẹ̀ jẹ. Orí ti Hylotelephium 'Herbstfreude' tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, láti pupa ni í sì í bọ́ sí àwọ̀ ilẹ̀. Aster ni ó ń tanná nígbà tí àwọn yòókù ti sinmi.

Ní ti koríko, Panicum virgatum ni èmi yóò kọ́kọ́ yàn. Ọmọ pápá Amẹ́ríkà ni, ewé rẹ̀ a sì pọ́n tàbí kí ó di àwọ̀ ìyeyè. Ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ yóò ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni kí a gbìn ín sí. Kí a má fi ajílẹ̀ kún ilẹ̀ rẹ̀ o. Ilẹ̀ ọlọ́ràá a mú kí ó ga jù, kí ó sì wó. Ìgbà ìrúwé ni kí a gbìn ín, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kì í fẹ́ dàgbà nínú ilẹ̀ tútù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Koríko kan wà tí a ń pè ní 'Red Baron', tí àwọn ènìyàn ń fẹ́ fún ọgbà nítorí ewé rẹ̀ tí ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Kò sí àgbẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ẹbí rẹ̀, nítorí ẹ̀kan ni, Imperata cylindrica, ọ̀tá ọkọ́ àti ebè. Ẹ̀kan wọ Alabama ní nǹkan bí ọdún 1912, nínú àpótí ẹrù tí a fi koríko náà dì láti Jàpáànù wá. Lónìí ó ti gba ilẹ̀ púpọ̀ nínú igbó páìnì ní gúúsù Amẹ́ríkà, iná rẹ̀ sì gbóná kọjá ohun tí igbó náà lè fara dà. Ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ kà á mọ́ èpò búburú. Ewé pupa náà lè padà di ewé tútù, kí ó sì máa tàn kálẹ̀ bí ẹbí rẹ̀. Miscanthus sinensis pàápàá ti sá kúrò nínú ọgbà bọ́ sínú igbó ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ń rà bi olùtà léèrè pé: ṣé irúgbìn rẹ̀ ń hù? Ṣé gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀? Bí olùtà bá ń kólòlò, kí ó wá ibòmíràn lọ.

Ó ku ìgbà tí a óò gé wọn. Ìparí ìgbà òtútù ni, ní oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, kí ọ̀mùnú tuntun tó yọ. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a óò máa gé ọ̀mùnú mọ́ ọn.