Rọ́bọ́ọ̀tì tó dúró jẹ́ẹ́ lè máa retí àmì

Ọdún 1961 ni ilé-iṣẹ́ General Motors gbé Unimate, rọ́bọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ tó wọ ilé-iṣẹ́ ńlá, sẹ́nu iṣẹ́ ní New Jersey, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni apá onírin ti ń bá ọmọ ènìyàn gbé ẹrù tó wúwo. Kì í rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n àṣẹ tí wọ́n bá kọ fún un nìkan ló mọ̀.

Bí àpẹẹrẹ, bí ó bá fẹ́ gbé irin, afẹ́fẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fẹ́ sínú táyà ló sábà máa ń jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ di irin náà mú. Àwọn mìíràn a kọ ọ́ pé kí ó dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, kí ó tó gbéra. Ṣùgbọ́n aago kò lójú. Bí afẹ́fẹ́ bá dínkù, apá yóò gbéra nígbà tí ọwọ́ kò tíì di nǹkan mú, irin yóò sì já bọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi máa ń so ohun kékeré kan mọ́ ọwọ́ náà, tí yóò fi àmì ránṣẹ́ pé ọwọ́ ti dì. Bí wáyà rẹ̀ bá wá já ńkọ́? Rọ́bọ́ọ̀tì yóò dúró bí ère, kò sì ní í sọ ìdí.

Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí wọ́n so aago àti àmì pọ̀. Nínú èdè RAPID tí rọ́bọ́ọ̀tì ABB ń gbọ́, WaitDI ló ń retí àmì, MaxTime ló sì ń fi òpin sí ìdúró náà. Bí àkókò bá pé tí àmì kò dé, kí ẹ̀rọ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kí ó sì ké sí òṣìṣẹ́.

Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òṣìṣẹ́ tó bá wọlé lọ tún irin tó há ṣe lè ṣèèṣì jẹ́ kí àmì náà dé. Lójú ẹsẹ̀ ni apá yóò gbéra. Àgbò tó bá tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ní January 25, 1979, apá ẹ̀rọ pa Robert Williams, ọmọ ọdún 25, ní ilé-iṣẹ́ Ford ní Flat Rock, ìpínlẹ̀ Michigan, nígbà tó gun orí àtẹ lọ kó irin.

Aago àti àmì kò lè rọ́pò ọgbà onírin tó yí ẹ̀rọ ká. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà.