SU Dé Oud Metha

Ní Ìbàdàn, bí ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá borí, tí kò fi yẹtí sétí, tí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, ta ni yóò tún bi í léèrè ẹ̀sìn rẹ̀? SU ni. Àmọ́ kí ó múra bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Dubai, kí ó sọ̀ ní Oud Metha: Mùsùlùmí ni gbogbo èrò ọkọ̀ yóò pè é, àfi ìgbà tó bá yà sí ọgbà Holy Trinity, níbi tí ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń pín gbọ̀ngàn lò, tàbí St. Mary's ti àwọn Kátólíìkì, tó ti wà ládùúgbò náà láti 1967.

Scripture Union ni ẹgbẹ́ tó ni orúkọ yẹn. Josiah Spiers ló dá a sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé ní London ní 1867. Ilé ẹ̀kọ́ girama ló ti gbilẹ̀ nílẹ̀ wa. Nígbà ogun Biafra, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá Bill Roberts, òṣìṣẹ́ SU, ka Bíbélì ní Umuahia. Ogun parí ní 1970, iná náà sì ràn. Ní 1973, olùkọ́ ìṣirò kan ní Yunifásítì Èkó, William Kumuyi, kó èèyàn 15 jọ láti ka Bíbélì. Ìyẹn ló di Deeper Life. Nígbà náà, àwọn ọmọ ìjọ yìí kì í wo tẹlifíṣọ̀n, wọn kì í sì í lo yẹtí. Kò pẹ́ tí SU fi kọjá orúkọ ẹgbẹ́. Ẹni tó kọ ọtí, SU. Ẹni tó kọ rìbá níbi iṣẹ́ ìjọba, SU.

Kí SU tó di orúkọ ìwà, àwọn Aládùúrà ti jẹ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú ń pa èèyàn, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour's, Ìjẹ̀bú-Òde, gbájú mọ́ àdúrà. Nígbà tó yá, wọ́n kọ oògùn pátápátá. Ní 1922, wọ́n fi ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀.

Ní Oud Metha, ìborí kò fi SU hàn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni SU kò lè dìde wàásù nínú bọ́ọ̀sì bíi ti Ọ̀jọ́ta ní Èkó, torí òfin kò gba kéèyàn máa wàásù fún Mùsùlùmí. Ìjọba sọ Sátidé àti Sọ́ńdè di ọjọ́ ìsinmi ní January 2022, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì àti sìkíọ́rítì kì í rí Sọ́ńdè gbà. Wọn á ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ wá sí ìsìn àárọ̀ Jímọ̀, aṣọ iṣẹ́ nínú báàgì, oorun lójú.

Àwọn tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan ló wá mọ SU níbẹ̀. Wọ́n mọ ẹni tó ń san owó gáàsì tirẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n sìn ín, àti ẹni tí kì í bu epo ẹlòmíràn lò. Wọ́n ń pè é ní "Pásítọ̀", wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá gba owó oṣù, òun náà ni wọ́n ń kó o fún pé kó bá àwọn tọ́jú.