Láti Igbó Ìgbàlẹ̀ dé Ìgboro Trinidad

Bọ́ọ̀sì tó bá ti Èkó ń lọ sí ìlà oòrùn, Ore, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ni èrò rẹ̀ sábà máa ń sọ̀ jẹun. Tó bá di oṣù Kejìlá, àwọn tó ń lọ wo kánífà Kàlàbá máa ń wà lára wọn. Ọdún 2004 ni kánífà náà bẹ̀rẹ̀, lásìkò Gómìnà Donald Duke. Ìyẹ́ tó ga ju orí lọ, aṣọ tó ń kọ mànà, orin tó ń dún látorí ọkọ̀: ó jọ ti Trinidad gan-an. Ẹ̀yìn odi ló ti wá lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ wa níhìn-ín ni apá kan nínú rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde lọ.

Kàlàbá fúnra rẹ̀ wà nínú ìtàn náà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti èbúté rẹ̀ gbé awo Ekpe dé Kúbà, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Abakuá sílẹ̀ ní Regla, lẹ́bàá Havana, ní 1836. Eégún wọn, íreme, ń wọ ìbojú olórí ṣóńṣó, agogo wẹ́wẹ́ ń dún ní ìbàdí rẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀.

Ní Trinidad, àwọn Faransé olóko ló gbé kánífà dé lẹ́yìn 1783. Wọ́n ń bojú lọ síbi àríyá. Àwọn kan tilẹ̀ ń múra bí ẹrú oko, wọ́n ń fi ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ ṣeré. Nígbà tí òmìnira pípé dé ní 1838, àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ gba ìgboro tiná-tìlù. Ó wá kan àwọn náà láti múra bí ìyàwó olóko, kí wọ́n máa sín in jẹ.

Eégún ilé ti mọ irú eré yìí ṣe tipẹ́. Ní oṣù Kejì 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, ń wo eégún aláré lágbàlá Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹnì kan dá dúró láàrin agbo. Ẹ̀kú rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orí funfun yọ, ariwo sọ. Òyìnbó ni! Ó rù hangogo, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí òtútù mú, ó ń ṣe bí ẹni ń fín áṣáà, ó sì ń rọra tẹ ilẹ̀ bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán rìn rí. Òyìnbó gidi sì jókòó síbẹ̀, ó ń wò ó.

Lẹ́yìn 1838, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún kó ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú lọ sí Trinidad. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ Ṣàngó títí dòní. Moko Jumbie, tó ń fi igi gíga rìn nínú kánífà wọn, bá agéré Èkó mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú eré bẹ́ẹ̀ wà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ẹ̀yà kan ṣoṣo kò lè pè é ní tirẹ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kánífà náà. Ní 1881, ọlọ́pàá àti àwọn oníkánífà wọ̀yá ìjà ní Port of Spain. Ní 1884, òfin de ìlù. Ni wọ́n bá mú ọparun, wọ́n ń gún un mọ́lẹ̀. Nígbà tó di bí 1930 sókè, agolo àti àgbá epo ni wọ́n ń lù, ibẹ̀ sì ni ìlù irin tí gbogbo ayé mọ̀ ti jáde.

Claudia Jones, ọmọ bíbí Trinidad, ló gbé kánífà wọ gbọ̀ngàn St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1959, lẹ́yìn tí àwọn aláwọ̀ funfun kan ti kọlu àwọn aláwọ̀ dúdú ní Notting Hill. Ní 1966, kánífà bọ́ sí títì Notting Hill gan-an.